Ẹni Tí Ń Báni Wọ Bàtà Tuntun

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan wọ yàrá ìránṣọ mi, ó dúró sẹ́yìn àga mi, n kò sì mọ̀ pé àbúrò mi ni. "Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yín ò tíì parí," ni mo wí láìbojúwẹ̀yìn, nítorí mo rò pé oníbàárà tó fẹ́ yọ mí lẹ́nu ni. Ẹni náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó gbé e wọlé kì í ṣe ẹsẹ̀ tí mo mọ̀.

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti burú tó àfi tí mo bá ṣàlàyé. Láti kékeré ni àbúrò mi ọkùnrin yìí ti ń tiro. Ó jábọ́ lórí ògiri nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kán, ẹni tó tò ó kò sì tò ó dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà ṣe kúrú díẹ̀ ju ìkejì lọ. Bó bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á dún gbì, òsì á wọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lé e, ṣàà. Gbì, ṣàà. Gbì, ṣàà. Láti ìkóríta la ti máa ń gbọ́ ọ. Ìyá wa ló sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-ń-bọ̀, nítorí pé kó tó yọjú, oúnjẹ rẹ̀ ti máa ń wà lórí tábìlì. Àwọn òbí wa ti lọ, àwa méjèèjì la sì jọ ń gbé nínú ilé náà, èmi àgbà tí n kò lọ́kọ mọ́, òun àbúrò tí kò níyàwó rí. Ohùn ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ ti parí, pé kí n pa iná yàrá ìránṣọ, kí n wá nǹkan gbé kaná.

Mo yíjú padà. Ó dúró gbọnrangandan, èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Búùtù tuntun aláwọ̀ ilẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. Ó rìn dé ibi tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó rìn padà. Gbì, gbì, gbì. Ó ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí láyé.

Mo dì mọ́ ọn, mo sì sunkún ayọ̀, nítorí pé ènìyàn ni mí, mo sì mọ ohun tí ẹsẹ̀ yẹn ti fi ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ, n kò sì sọ fún un.

Kí ẹ tó bi mí, èmi kò fẹ́ràn ìrìn. Ẹni tó bá ń wá mi, kó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ká ní Ọlọ́run fẹ́ kí n máa gun òkè ni, ewúrẹ́ ni ì bá fi mí ṣe. Àbúrò mi ni òkè mú lójú. Iṣẹ́ atúnagogoṣe ló ń ṣe, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́, á fi awò kékeré há ojú kan, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ yí àdúgbò ká. Ẹni tí wọ́n ní kó rìn yí àdúgbò ká, kí la rí, ó wọ ẹgbẹ́ agunkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè bí ẹni ń wo àfẹ́sọ́nà.

Bàtà ló kù tí kò gbà fún un. Kò sí èyí tí kò rà wò, èyí tó le, èyí tó rọ̀, èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe, èyí tó gùn dé ojúgun. Ó ki òwú sínú wọn, ó ní kí n bá òun rán tìmùtìmù kékeré sí gìgísẹ̀. Pàbó ni. Ẹsẹ̀ tó kúrú kì í bá bàtà tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ tó dọ́gba mu. Bó bá ti òkè dé, ìléròrò á kún gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ti mú ìbọ̀sẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ. Èmi ni mo ń fi abẹ́rẹ́ mi tú ìléròrò náà, mo sì ń bú u bí mo ti ń tú u. Òun á kàn máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí bí gbogbo ayé ṣe rí láti òkè ni."

Olórí ẹgbẹ́ wọn ni Ìyá Tíṣà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ̀yìn ti pípàṣẹ. Ó ní òfin méjì. Àkọ́kọ́ ni pé bàtà tuntun kì í gun òkè; kí olúkúlùkù wọ tirẹ̀ nílé títí yóò fi rọ̀. Èkejì ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù lọ ni í ṣáájú, kí gbogbo ẹgbẹ́ máa rìn bó ṣe ń rìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa já sẹ́yìn kó sọnù. Nítorí náà, àbúrò mi ló ń ṣáájú nígbà gbogbo. Mo rò pé ohun tó fẹ́ràn gan-an nìyẹn, ju òkè fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n ń fi sẹ́yìn nínú gbogbo eré nígbà èwe ti wá di ẹni tí àgbàlagbà ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, tí wọ́n sì ń gbé ẹsẹ̀ síbi tó gbé tirẹ̀ sí.

Ìyá Tíṣà yìí náà ló sọ fún un nípa ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tí bàtà tuntun bá ń bó lẹ́sẹ̀, ọkùnrin náà á bá a wọ̀ ọ́ rìn títí yóò fi rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn. Bámiwọ̀ọ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Mo sin àbúrò mi lọ síbẹ̀, torí mo fẹ́ ra bọ́tìnnì ní òdìkejì títì. Bámiwọ̀ọ́ jókòó lórí àpótí kúkurú ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, bàtà tò síwájú rẹ̀, bébà tí wọ́n kọ orúkọ sí wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò lè sọ bóyá àgbà ni tàbí ọ̀dọ́. Ó ń bọ́ bàtà obìnrin kan, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí imú rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì wọ̀ ọ́ ṣe wẹ́kú. Lẹ́yìn náà ló mú búùtù bíríkìlà kan, gbàgẹ̀rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, òun náà ṣe wẹ́kú. Aránṣọ ni mí. Mo lè fi ojú wọn ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà. Mo fi ojú wọn ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì, èkejì kò sì bá àkọ́kọ́ mu. Mo ní á jẹ́ pé awò mi ló ti ń ṣá.

"Ṣé kí n bá yín wọ̀ ọ́?" ló bi àbúrò mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà nílé aláìsàn.

"Ẹ bá mi wọ̀ ọ́."

"Ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ. Ọkùnrin náà fi orí dáhùn, ó sì gba búùtù tuntun tí àbúrò mi rà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n dá a padà, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti wò ó. Awọ rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tutù, kò sì ní òórùn kankan. Bàtà tí ènìyàn ti fi rìn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ yẹ kó máa rùn díẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni àbúrò mi fi wọ yàrá ìránṣọ mi tí n kò dá a mọ̀.

Ayọ̀ gba àdúgbò. Ẹni tó ti ń tiro láti kékeré ń rìn bí sójà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, ta ló tún fẹ́ dúró kí bàtà rọ̀ fúnra rẹ̀? Onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé wa gbé tirẹ̀ lọ. Ìyá Tíṣà, tí egungun yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, gbé tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ agunkè fi lọ bá ọkùnrin náà, tí olúkúlùkù sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un, tí wọ́n sì tún un sọ.

Àwọn nǹkan kéékèèké bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi wá mu tíì ní yàrá mi, mo sì rí orí pínnì kan ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó ti gún un wọlé dé orí. Ó rìn lọ sí ilé ìdáná, ó rìn padà, pínnì náà ń kan ilẹ̀, kẹ́, kẹ́. Mo ní kó jókòó, mo fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde.

"Kò dùn mí," ló wí. Bí ẹni ń ròyìn ohun rere ló ṣe sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo ń rí i láti ojú fèrèsé tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Á kọjá ẹnu ọ̀nà wa. Á rìn títí dé ibi tí ògiri ilé ẹ̀kọ́ ti dí ọ̀nà, ògiri náà á dá a dúró, á wá máa wò yí ká bí àlejò. Tí mo bá bi í, á ní òun ń ronú ni. Ìyàwó onígbàjámọ̀ sọ fún mi pé wọ́n fa ọkọ òun lọ́wọ́ wálé láti orí afárá. A fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ọkùnrin tó bá ti ń dàgbà á máa ṣìnà sílé obìnrin míì. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo ojú ẹnìkejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń lọ aṣọ, mo gbọ́ ọ lójú títì. Gbì, ṣàà. Gbì, ṣàà.

 Mo gbé áyọ̀nù kalẹ̀, mo sáré dé ojú fèrèsé. Bámiwọ̀ọ́ ni. Ó wọ bàtà ọmọ ilé-ìwé dúdú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń rì bí ti àbúrò mi ṣe máa ń rì, àní ó ń ju ọwọ́ ọ̀tún síta díẹ̀ bí òun náà ti ń ṣe. Nígbà tó dé ìkóríta, ìrìn náà yí padà. Ó di ìrìn Ìyá Tíṣà, àyà ṣáájú, kíákíá, bí ẹni fẹ́ lọ na ọmọ. Lẹ́yìn náà ló di ti onígbàjámọ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síta. Bí ẹni ń wọ aṣọ wò níwájú dígí ló ń ṣe é. Mo ti rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́ nídìí iṣẹ́ mi, èyí ni kò jẹ́ kí n ṣiyèméjì.

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu bàtà kan.

"Ìrìn àbúrò mi lẹ fi ń rìn," ni mo wí.

Mo ti múra sílẹ̀ fún irọ́, ṣùgbọ́n kò purọ́. "Òun ni, mà."

"Ẹ dá a padà."

"Mi ò jí i. Ó ní kí n bá òun wọ̀ ọ́, mo bá a wọ̀ ọ́. Bàtà kì í rọ̀ lásán, mà. Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ tèmi á wọnú rẹ̀, tonítọ̀hún á sì jáde."

"Kí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí?"

"Ìrìn tèmi."

Mo fa àpótí kan, mo jókòó, nítorí orúnkún tó máa ń dùn mí. "Ta ni yín?"

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. "Mo ti ń rìn kí wọ́n tó kọ́ ilé kankan síbí. Mi ò nílé rí. Ìrìn tèmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń padà. Lílọ nìkan ló mọ̀."

"Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé."

"Onílé ni wọ́n wí, mà," ló dáhùn jẹ́ẹ́.

Ojú ń tì í. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ní àrùn tó ń ran ènìyàn, tí kò sì rí ibi sá sí. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju bó bá ti fọ́nnu lọ. Ẹni tó ń fọ́nnu, a lè bẹ̀ ẹ́. Mo bi í bóyá ó ṣeé tú, nítorí ohun tí a bá rán, a máa ń tú u. Ó mi orí. Ó ní wọ́n lè bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n ohun tó ti wọ ẹsẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ó ní tí àwọn tó wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín ìlú, ògiri àti géètì á máa dá wọn padà, ẹni tó mọ̀ wọ́n á sì máa fà wọ́n lọ́wọ́ wálé.

"Orí òkè ni ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ," ló wí. "Kò sí ògiri níbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ wọn fẹ́ gun òkè gíga tó wà lẹ́yìn odò, èyí tí wọ́n ti ń múra rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí.

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí," ló wí. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mi ò ronú nípa ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Àgbàlagbà ni, mi ò lè so ó mọ́lẹ̀ bí àgùntàn. Mo lọ bá Ìyá Tíṣà, ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi, kí n lọ sinmi. Bí mo ti ń padà bọ̀ ni òfin rẹ̀ kejì sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù lọ ni í ṣáájú. Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó tèmi nínú gbogbo ìlú? Bí mo bá bá wọn lọ, èmi ni màá ṣáájú, ọ̀nà tí mo bá yà sí ni gbogbo wọn á yà sí. Màá mú wọn yí ìdí òkè ká, màá sì kó wọn padà sílé kí ọjọ́ tó rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àbúrò mi dunnú débi pé ó fún mi ní igò omi tirẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni mo wọ̀, èyí tó ti ń pa mí lẹ́sẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Bọ́ọ̀sì gbé wa dé ìsàlẹ̀ òkè láàárọ̀. Ìyá Tíṣà fún mi ní ọ̀pá, ó fi mí síwájú, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n mo ń lọ. Lẹ́yìn mi, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Onígbàjámọ̀ ń sọ nípa apárí kan tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóṣooṣù pé kó bá òun gẹ̀ ẹ́ kúrú. Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n pọ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tó sanra àti ẹni tó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Gbì. Gbì. Gbì. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan.

A dé ibi òkúta pẹrẹsẹ kan, níbi tí ọ̀nà ti pín. Ti ọ̀tún ń gòkè lọ. Ti òsì yí ìbàdí òkè ká, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ padà sójú títì tí bọ́ọ̀sì wà. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n kùrukùru ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò wá. Mo yà sí òsì. Mo gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, inú mi ń dùn, mo ti ń ro ohun tí a óò jẹ lálẹ́.

Ẹsẹ̀ wọn dákẹ́ lẹ́yìn mi.

Mo yíjú padà. Gbogbo wọn dúró níbi oríta náà. Ojú wọn kọ sí mi, ṣùgbọ́n ara wọn kọ sí òkè. Ìyá Tíṣà ní, "À ń bọ̀, ẹ máa lọ, a ó tẹ̀ lé yín," bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e lọ sí ọ̀tún. Mo sáré padà, mo fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà. Wọ́n ń yà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí omi ti ń yà fún òkúta. "Ẹ má bínú, mà." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó." Omi ń dà lójú onígbàjámọ̀, ó sì ń gòkè lọ. Àbúrò mi ló kẹ́yìn.

"Dúró," ni mo wí.

"Mò ń gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Ó ń fà mí lọ, kì í ṣe pẹ̀lú agbára, ó kàn ń lọ ni. Bàtà mi já, mo sọ ọ́ nù. Ìkejì já. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í gé mi lẹ́sẹ̀. A rìn bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà, n kò rí ohun kan mọ́ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

"Ẹ sọ fún mi bí mo ṣe máa ń ṣe é," ló wí.

"Ṣe kí ni?"

"Bí mo ṣe máa ń darí wálé."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní, "Wàá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa, wàá kọjá níbi káfíńtà, wàá kí i. Tó o bá dé ibi géètì aláwọ̀ ewé, wàá yà. Wàá gbé ti ọ̀tún, wàá wọ́ ti òsì. Gbì, ṣàà. Màá ti máa gbọ́ ọ. Màá ti máa gbé omi kaná." Mo ń sọ ọ́, mo ń sunkún. Mo rí i tí orúnkún òsì rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń gbìyànjú láti rì bó ti ń rì tẹ́lẹ̀. Kò rántí. Ẹsẹ̀ náà gbé ara rẹ̀ dọ́gba, ó sì ń lọ.

Mo bẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, mo gbé e ṣubú. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, kò jà, ojú rẹ̀ ń wo ojú mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rìn nínú afẹ́fẹ́ síbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, láìyára, láìfalẹ̀.

"Ẹ tú wọn," ló wí.

Mo tú okùn, mo fa búùtù náà bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo mọ àtẹ́lẹsẹ̀ àbúrò mi, èmi ni mo ń fi abẹ́rẹ́ tú u. Kò sí àpá kankan lábẹ́ ẹsẹ̀ náà mọ́. Kò sí ilà, kò sí èékánná, ó ń dán bí abọ́. Ẹsẹ̀ náà rí ilẹ̀, ó sì gbé e dìde.

Ó yíjú wò mí bó ti ń lọ. "Ẹ padà sílé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ yín ń ṣẹ̀jẹ̀." Lẹ́yìn náà kùrukùru gbà á, n kò sì gbọ́ ju ohùn kan ṣoṣo yẹn lọ, tó ń jìnnà, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Wọ́n wá wọn. Ọlọ́pàá wá, àwọn ọdẹ wá, wọ́n fi hẹlikópítà fò yí orí òkè ká. Ohun tí wọ́n rí ni ipa ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn góńgó òkè, ó pọ̀ lọ súà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ó dé orí àpáta, ó sì tán. Ọlọ́pàá bi mí bóyá wọ́n wọ ẹgbẹ́ awo kan. Mo ní ẹgbẹ́ agunkè ni.

Ohun kan wà tí wọn kò bi mí, ìyẹn bí obìnrin tí kò mọ òkè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gé yánnayànna, ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú kùrukùru. Mo ti pe àbúrò mi títí ohùn mi fi há. Mo gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ lásán rìn, mo ṣubú, mo rákò, otútù sì ń wọ inú egungun mi. Búùtù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kàn fẹ́ wà láàyè ni, ohun mìíràn kò sí lọ́kàn mi. Mo wọ̀ ọ́. Ó tóbi fún mi nígbà tí mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi dìde, ó ti ṣe wẹ́kú. Mo sunkún bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀, nítorí pé n kò tíì wọ bàtà tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo jù ú sódò nígbà tí mo délé. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ mi jinná kíákíá, orúnkún tó ti ń dà mí láàmú kò dùn mí mọ́. Láìpẹ́ yìí ni mo kọjá ẹnu ọ̀nà ara mi, tí ìyàwó onígbàjámọ̀ wá fà mí lọ́wọ́ níbi ògiri ilé ẹ̀kọ́. Ó wo ojú mi, ó sì bú sẹ́kún. Lánàá, Bámiwọ̀ọ́ kọjá lábẹ́ fèrèsé mi. Ọwọ́ kan wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi dandan lé e lórí, ó ń kùn. Mo ti rí ìrìn yẹn nínú dígí gígùn mi láti ọdún pípẹ́ wá. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó sì tẹ orí ba, bí ẹni ń tọrọ àforíjì.

Mo ti parí gbogbo aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fún ìyàwó onígbàjámọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀, kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà sì ń yí, n kò lè dá a dúró.

Àwọn ará àdúgbò á sọ pé ìfẹ́ ló gbé mi lọ, pé n kò lè fi àbúrò mi sílẹ̀ sórí òkè. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, kí wọ́n máa sọ ọ́. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti àárọ̀ kí n rí ojú rẹ̀ lọ́kàn mi, kí n lè sọ pé nítorí rẹ̀ ni. N kò rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ lọ.